Frederik Stang: ẹni tó la ọ̀nà fún Nọ́wè, tó sì ti ilẹ̀kùn ilé aṣòfin mọ́ àwọn mínísítà ẹ̀

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ń ka ìtàn orílẹ̀-èdè Nọ́wè, orúkọ Stang ò yéé jáde. Níbì kan wọ́n ní òun ló kọ́ rélùwéè, níbòmíì wọ́n ní òun ni ò jẹ́ kí ilé aṣòfin lágbára lórí ìjọba, níbòmíì ẹ̀wẹ̀ wọ́n ní òun ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú Høyre sílẹ̀. Ṣé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn? Àti pé báwo ni ilẹ̀ tí ọba Swídìn ń jọba lé lórí ṣe tún ní prime minister tiẹ̀?"

Ẹ ṣeun gan-an àbúrò, ìbéèrè gidi lẹ bi yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kó àwọn Stang pọ̀ sójú kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ yẹn ká. Ẹni tó kọ́ rélùwéè àti ẹni tó kọ̀ fún ilé aṣòfin, ẹnì kan náà ni, Frederik Stang, wọ́n bí i ní 1808, ó kú ní 1884. Èyí tó wà nídìí ẹgbẹ́ Høyre, ọmọ ẹ̀ ni, Emil Stang. Màá dórí ọmọ tó bá yá, bàbá ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ni pé ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo ni bàbá yẹn ní láyé ẹ̀, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó máa ṣe é, òun ló fi kọ́ rélùwéè, òun náà ló sì fi ti ilẹ̀kùn.

Ti prime minister kọ́kọ́. Nọ́wè ti wà lábẹ́ Dẹ́ńmárkì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó di 1814. Lọ́dún yẹn àwọn aṣojú pé jọ sí Eidsvoll, wọ́n kọ ìwé òfin ilẹ̀ tiwọn ní May 17, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣì ń fi ṣọdún títí dòní. Kí ọdún yẹn tó parí Swídìn ti fi ogun mú wọn wọnú ìdàpọ̀, àmọ́ ìwé òfin yẹn ò kú, wọ́n kàn tún un ṣe kó lè bá ìdàpọ̀ mu ni. Torí náà ọba kan ló wà, orílẹ̀-èdè méjì. Ọba ń gbé Stockholm, Nọ́wè ní ilé aṣòfin tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Storting, ó ní kóòtù, ó ní owó, ó ní mínísítà. Prime minister kan àti mínísítà méjì máa ń wà lọ́dọ̀ ọba ní Stockholm, àwọn tó kù wà ní Christiania, ìyẹn ìlú tí wọ́n ń pè ní Oslo lónìí. Ọba tún ní ẹ̀tọ́ láti yan gómìnà kan sórí àwọn ti Christiania, stattholder ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Nọ́wè ò sì fẹ́ràn oyè yẹn rárá torí ó ń rán wọn létí pé ẹlòmíì lọ̀gá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Stokke ni wọ́n ti bí Frederik Stang, ní March 4, 1808, ní ìwọ̀ oòrùn etí òkun tó wọlé lọ sí Christiania. Òfin ló kà ní yunifásítì Christiania, èyí tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà ní gbogbo ilẹ̀ yẹn nígbà náà, ó sì jáde ní 1828, ọmọ 20 ọdún. Nígbà tó fi máa di 1830 ó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíì lófin níbẹ̀. Ní 1833, tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 25, ó gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ìwé òfin ilẹ̀ Nọ́wè, ó to gbogbo ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ohun tí ọba lè ṣe, ohun tí Storting lè ṣe, ibi tí agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan parí sí. Ẹ ronú ẹ̀ wò, ìwé òfin ilẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ò tíì pé 20 ọdún, ọmọkùnrin yìí ti ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn àgbà tó kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kúrò nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ó di lọ́yà níwájú kóòtù tó ga jù lọ, iṣẹ́ sì gbè é dáadáa.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, Anton Martin Schweigaard, torí èèyàn ò lè sọ ti Stang kó má dárúkọ ẹ̀. Òun náà ka òfin, ó tún mọ ọ̀rọ̀ ọrọ̀-ajé, ère ẹ̀ ṣì wà níwájú ilé yunifásítì ní àárín Oslo títí dòní. Àwọn méjèèjì àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ní èrò kan tó jọra: wọ́n ní orin ìfẹ́ orílẹ̀-èdè nìkan ò lè yó èèyàn, ilẹ̀ wọn tálákà, òkè pọ̀, èèyàn ò pọ̀, ẹni tó wà nínú àfonífojì kan ò mọ ẹni tó wà ní èkejì, ohun tí ilẹ̀ náà nílò ni ọ̀nà, ọjà tó ṣí sílẹ̀, òfin tó mọ́gbọ́n dání, ìmọ̀ tó dé láti òkè òkun. Ta ló sì máa ṣe é? Àwọn tó kàwé, àwọn òṣìṣẹ́ ọba: adájọ́, lọ́yà, àlùfáà, ọ̀gágun, olùkọ́ yunifásítì. Àwọn èèyàn yìí ò pọ̀, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, ọwọ́ wọn ni ìjọba Nọ́wè sì wà látọdún 1814 títí di 1884. Nínú ìdílé báyẹn ni Stang ti wá, ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó.

Ní 1845 wọ́n dá iléeṣẹ́ ìjọba tuntun kan sílẹ̀ tó máa bójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Stang ni wọ́n sì fi ṣe mínísítà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àbúrò, ibí yìí ni mo máa ń fẹ́ kéèyàn dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ la ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí. Ọ̀nà ọlọ́kọ̀, pósítọ́fíìsì, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé lẹ́tà lọ sáwọn ìlú etíkun, iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà lórí òkun, iṣẹ́ àgbẹ̀, gbogbo ẹ̀ wá sábẹ́ tábìlì kan. Iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ ni rélùwéè. Nọ́wè ò ní kankan. Wọ́n pe Robert Stephenson wá láti England, ọmọ George Stephenson tó gbajúmọ̀ nídìí ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì pín owó ẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú apá kan wá, Nọ́wè mú apá kan wá, ojú irin bíi kìlómítà 68 jáde láti Christiania lọ sí Eidsvoll, wọ́n ṣí i ní September 1854.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Eidsvoll? Kì í ṣe torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìwé òfin o. Ẹ wo máàpù. Adágún ńlá kan wà lókè Eidsvoll, Mjøsa lorúkọ ẹ̀, òun ló tóbi jù ní Nọ́wè, oko ọkà tó dáa jù nílẹ̀ náà wà ní bèbè ẹ̀, igi gẹdú sì wà lẹ́yìn oko. Ṣáájú ìgbà yẹn, tí àgbẹ̀ ará Hamar bá fẹ́ gbé ọkà lọ tà ní Christiania, ẹṣin ló máa fi gbé e, tí yìnyín bá sì ti ń yọ́, ọ̀nà a di ẹrẹ̀, ó di kó dúró. Báyìí ọkọ̀ ojú omi á gbé ẹrù kọjá lórí adágún, rélùwéè á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní Eidsvoll. Ní 1856 wọ́n ju ọkọ̀ kan sórí Mjøsa tó ń jẹ́ Skibladner, ó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ńlá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó fi ń wa omi. Ọkọ̀ yẹn ṣì ń rìn lórí omi yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí di ayé tá a wà yìí, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lẹ́nu oṣù keje ẹ lè wọ̀ ọ́. Ní January 1, 1855 sítáǹpù àkọ́kọ́ Nọ́wè jáde, ti sílíǹgì mẹ́rin tiwọn, kìnnìún wà lára ẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni tẹligíráàmù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Gbogbo èyí ò wá látọ̀dọ̀ Stang nìkan, kò sẹ́ni tó lè dá irú ẹ̀ ṣe, Schweigaard wà nínú Storting tó ń bá a fa owó jáde níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ pé òun ni ẹ̀rọ tó ń yí i. Ó sì ṣiṣẹ́ títí ara ò fi gbà á mọ́, àìsàn ló mú un kúrò nínú ìjọba ní àárín àwọn ọdún 1850 yẹn.

Ó padà wá ní 1861, ìjà ló sì dá a padà. Storting ti dìbò ní 1859 pé káwọn pa oyè gómìnà yẹn rẹ́. Ọba tuntun, Karl Kẹẹ̀ẹ́dógún, ti kọ́kọ́ ṣèlérí fáwọn ará Nọ́wè pé òun á fọwọ́ sí i, ni àwọn olóṣèlú Swídìn bá fárígá, ọba yẹ àdéhùn, kò buwọ́ lù ú. Inú bí gbogbo Nọ́wè. Ìjọba tó wà ní Christiania fọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì wá Stang lọ láti wá darí àwọn mínísítà tó kù. Ó gbà. Àwọn kan pè é ní ẹrú ọba nítorí ẹ̀, mi ò rò pé ó tọ́ sí i. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ìjà pẹ̀lú Swídìn ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú, kéèyàn fi sùúrù wá ohun tó ń wá. Sùúrù yẹn sì so èso: ní 1873, lábẹ́ ọba tó tẹ̀ lé e, Oscar Kejì, wọ́n pa oyè gómìnà rẹ́ pátápátá, Stang wá di prime minister àkọ́kọ́ tó fi Christiania ṣe ibùjókòó. Òun nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i kà pé òun ni prime minister àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ti jẹ́ orúkọ yẹn ní Stockholm tipẹ́.

Lábẹ́ ẹ̀ náà ni Nọ́wè fi wúrà ṣe ìpìlẹ̀ owó, tí wọ́n wọ ìdàpọ̀ owó pẹ̀lú Swídìn àti Dẹ́ńmárkì ní 1875, tí kroner rọ́pò owó àtijọ́, speciedaler kan sí kroner mẹ́rin. Ó lé ní ọdún 18 tó fi wà lórí oyè. Kò sẹ́ni tó tíì pẹ́ tó o.

Ó wá ku ọ̀ràn tó bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é sùúrù sùúrù, torí ó rí kékeré lójú, òun ló sì yí Nọ́wè padà.

Ìwé òfin 1814 ò jẹ́ kí mínísítà jókòó nínú Storting. Ọba ló ń yàn wọ́n, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́ọ́fíìsì wọn, àwọn aṣòfin wà ní tiwọn, ìwé ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Láyé àkọ́kọ́ ìjọba fúnra ẹ̀ ló ń bẹ Storting pé kí wọ́n jẹ́ káwọn mínísítà máa wọlé wá sọ̀rọ̀, àwọn àgbẹ̀ inú Storting ló ń kọ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn tó mọ̀wé wọ̀nyí á fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wọ́n jẹ. Nígbà tó di àwọn ọdún 1870, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Látọdún 1871 Storting ń jókòó lọ́dọọdún, ṣáájú ìyẹn ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni. Johan Sverdrup, lọ́yà kan, ti wá di olórí àwọn alátakò, ó sì ti bá àwọn àgbẹ̀ Søren Jaabæk ṣọ̀kan. Jaabæk yẹn, àgbẹ̀ ará apá Mandal ni, ó máa ń dìbò rárá sí ìnáwó ìjọba débi pé wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà, wọ́n ń pè é ní Neibæk, "nei" ni rárá lédè wọn. Sverdrup rí i kedere pé tí mínísítà bá ti ń wọlé tá à ń bi í léèrè lójú gbogbo ayé, ó di dandan kó wá ojú rere ilé, tí ilé bá sì kọ̀ ọ́, kò lè dúró mọ́. Ọba á máa yan ni lórúkọ lásán, ilé aṣòfin ni yóò máa yàn.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé Stang náà rí i kedere. Àwọn méjèèjì ka ohun kan náà nínú òfin yẹn. Agbègbè kan náà ni wọ́n ti bí wọn gan-an, Sverdrup ní Jarlsberg, kò jìnnà sí Stokke rárá, ọdún mẹ́jọ péré ni Stang fi jù ú lọ. Ọ̀kan rí ẹnu ọ̀nà, èkejì rí ibi tí ilé ti máa wó.

Ní 1872 Storting fọwọ́ sí i pé káwọn mínísítà máa wọlé. Stang gba ọba nímọ̀ràn pé kó má buwọ́ lù ú, ọba ò sì buwọ́ lù ú. Méjì nínú àwọn mínísítà ẹ̀ kọ̀ láti bá a dé ibẹ̀, wọ́n fipò sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni Ole Jacob Broch, onímọ̀ ìṣirò tí gbogbo Yúróòpù mọ̀. Storting bínú, wọ́n dìbò pé àwọn ò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba Stang mọ́. Níbòmíì ẹni bẹ́ẹ̀ á ti kó ẹrù ẹ̀. Stang dúró, ó ní ọba ló yan òun, ìwé òfin ò sì sọ pé Storting lè yọ òun, òótọ́ lásán ló sì sọ, òun ló mọ̀wé yẹn jù. Ó tiẹ̀ gbé tiẹ̀ kalẹ̀ ní 1874, pé kí wọ́n gbà káwọn mínísítà wọlé, ṣùgbọ́n kí ọba náà ní àṣẹ láti tú Storting ká kí wọ́n sì tún ìbò dì. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n tún gbé tiwọn wá ní 1874, ọba kọ̀. Wọ́n gbé e wá ní 1877, ọba kọ̀. Ní March 1880 wọ́n gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹrin, ìbò 93 sí 20, ọba tún kọ̀.

Ni Sverdrup bá dìde. Ní June 9, 1880, pẹ̀lú ìbò 74 sí 40, Storting kéde pé òfin náà ti di òfin, bí ọba fẹ́ bí ọba kọ̀. Òun ló wá fa àríyànjiyàn tó le jù ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn: ṣé ọba lè kọ àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ títí láé, àbí ó kàn lè dá a dúró ni? Àwọn olùkọ́ òfin yunifásítì sọ pé ọba lè kọ̀ ọ́ títí. Àwọn àgbẹ̀ àtàwọn olùkọ́ iléèwé kéékèèké ní èyí ò kàn wá.

Stang ò dúró dé òpin ẹ̀. Ó ti lé ní 70, àárẹ̀ ti mú un, ó fipò sílẹ̀ ní October 1880. Schweigaard ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti kú látọdún 1870, látìgbà yẹn ni kò ti ní ẹni kankan nínú Storting tó lè dìde kí gbogbo ilé dákẹ́ gbọ́ ọ, mo sì gbà pé ikú yẹn pa á lára ju bí àwọn òpìtàn kan ṣe ń kọ ọ́ lọ. Christian August Selmer ló bọ́ sípò ẹ̀, orí Selmer ni gbogbo ẹ̀ wó lé. Storting gbé e lọ síwájú kóòtù tó ń dá ẹjọ́ àwọn mínísítà, ní February 27, 1884 wọ́n dájọ́ pé kí ó kúrò nípò. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Christian Homann Schweigaard, ọmọ Schweigaard ọ̀rẹ́ Stang, ìjọba yẹn ò lò ju April sí June lọ. Frederik Stang kú ní June 8, 1884, nígbà tí ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣì wà lórí oyè. Ọjọ́ 18 lẹ́yìn ẹ̀, June 26, Oscar Kejì gbà, ó pe Johan Sverdrup wá dá ìjọba sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá bi mí pé irú èèyàn wo ni mo kà á sí, èmi ò ní í pè é ní ọ̀tá aráàlú. Àwọn Yorùbá ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ìdajì ẹ̀ nìkan ni Stang gbà. Ó fẹ́ kí àgbẹ̀ rí ọkà tà, kó rí lẹ́tà gbà, kí ọmọ ẹ̀ rí ọ̀nà gbà lọ síléèwé, ó sì ṣe é fún wọn. Kò kàn gbà pé àgbẹ̀ tí ọ̀nà ti là fún, tó ti ń ka ìwé ìròyìn tí pósítọ́fíìsì gbé wá fún un lẹ́yìn ọjọ́ méjì péré, ó máa fẹ́ mọ ẹni tó ń ná owó orí òun. Rélùwéè tí Stang kọ́ làwọn aṣòfin láti bèbè Mjøsa wọ̀ lọ sí Christiania lọ dìbò lòdì sí i.

Ó wá ku Emil. Ọdún 1834 ni wọ́n bí i, lọ́yà ni bíi bàbá ẹ̀. Ní August 1884, tí bàbá ẹ̀ ò tíì pẹ́ oṣù mẹ́ta ní sàréè, àwọn tó pàdánù yẹn kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Høyre sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà, "ọ̀tún" ni ìtumọ̀ ẹ̀, Emil sì ni olórí àkọ́kọ́. Ẹ wò ó dáadáa: bàbá ẹ̀ ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú sétí, lójú tiẹ̀ òṣìṣẹ́ ọba ò gbọdọ̀ sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan. Ọmọ mọ̀ pé ayé yẹn ti kọjá, pé tí èèyàn bá fẹ́ ṣèjọba ó gbọ́dọ̀ lọ tọrọ ìbò. Ó di prime minister ní 1889. Ní 1891 Storting dìbò ta kò ó, ó sì kúrò, ohun tí bàbá ẹ̀ kọ̀ láti ṣe ní 1872 nìyẹn. Kò sì tún rọrùn báyẹn títí, torí ó padà lọ́dún 1893 nígbà tí ìjà lórí konsul Nọ́wè, ìyẹn aṣojú ilẹ̀ náà lókè òkun, ń lọ pẹ̀lú Swídìn, ọba ló pè é, Storting ò sì sí lẹ́yìn ẹ̀, síbẹ̀ ó dúró títí di 1895. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó kọ ọ́ pé Emil ni ẹni tó gbà kí ilé aṣòfin jọba tí bàbá ẹ̀ ò sì gbà, ẹ fi díẹ̀ díẹ̀ gbà á.

Kẹ́ ẹ má baà tún ṣìnà: Fredrik Stang kan tún wà, tí kò ní "e" láàárín d àti r, wọ́n bí i ní 1867. Ọmọ Emil ni, òun náà darí Høyre nígbà kan, ó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà látọdún 1922 títí tó fi kú ní 1941. Emil mìíràn náà tún wà, àbúrò Fredrik yìí, 1882 ni wọ́n bí i, ó ń jẹ́ orúkọ bàbá ẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló bá lọ, ó tún wọ ẹgbẹ́ kọ́múníìsì, àwọn Násì fi í sí àgọ́ Sachsenhausen, nígbà tógun parí ó di adájọ́ ní kóòtù tó ga jù lọ. Ọdún ìbí ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò tẹ́ ẹ bá ti rí orúkọ Stang.